Ẹni tí ó Ra Ohun tí Ọjà Kọ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìgbésí Ayé àti Iṣẹ́ John Templeton

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, ọwọ́ kan ṣoṣo kò sì gbé ẹrù dé orí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, òtítọ́ ni wọ́n sì sọ, nítorí pé ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá fi ohùn ṣọ̀kan kì í gún. Ṣùgbọ́n ibì kan wà láyé tí ọgbọ́n yìí ti máa ń di tàkúté fún ẹni tí ó bá gbára lé e láì ro tìhín ro tọ̀hún, ibẹ̀ náà sì ni ọjà ìpín ìdókòwò, níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń ra ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí wọ́n sì ń tà á. Ní ọjà bẹ́ẹ̀, ìgbà tí gbogbo ènìyàn bá ń dù láti ra ohun kan ni ó máa ń wọ́n ju bí ó ti yẹ lọ, ìgbà tí gbogbo wọn bá sì ń sá fún un ni ó máa ń pọ̀ jù lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá fẹ́ ra ní ọ̀pọ̀ kí ó sì tà ní ọ̀wọ́n fi gbọ́dọ̀ dá nìkan dúró ní ọjọ́ tí ẹ̀rù ń ba ọmọlàkejì rẹ̀ jù lọ.

Nínú àwọn tí ó tọ ọ̀nà yìí ní ọ̀rúndún tí ó kọjá, díẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ìgbésí ayé wọn kún tó ti John Marks Templeton, tí a bí ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1912 ní Amẹ́ríkà, tí ó sì pa ipò dà ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2008 ní Nassau, olú-ìlú Bahamas, lẹ́ni ọdún 95. Ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ tú wò ni pé: ṣé títako ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sọ ọkùnrin yìí di ọlọ́rọ̀ ni, tàbí ohun mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tí àwọn tí ń ròyìn rẹ̀ kì í sáábà dúró lé lórí? Èrò tèmi, tí n ó sì gbìyànjú láti fi ìtàn gbè lẹ́sẹ̀, ni pé ìwà ni ó ṣáájú, iṣẹ́ àṣekára ni ó tẹ̀ lé e, àtakò sì gbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá gbé ti ìkẹyìn ṣáájú yóò rí òfò.

Winchester ni orúkọ ìlú tí a bí i sí, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee, níbi tí òwú ti jẹ́ ohun ọ̀gbìn pàtàkì. Agbẹjọ́rò ni Harvey Templeton, baba rẹ̀, ó sì tún ní ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń yọ kóró kúrò lára òwú. Láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, baba yìí a máa wo gbàgede ilé ẹjọ́, níbi tí wọ́n ti ń lu oko àwọn àgbẹ̀ tí kò rí owó orí san ní gbàǹjo. Bí ó bá di ọjọ́ tí olùrà kan kò yọjú, tí ilẹ̀ ọlọ́ràá fẹ́ẹ́ lọ láìsí ẹni tí yóò dá owó lé e, Harvey a sọ̀kalẹ̀ wá, a sì rà á ní owó táṣẹ́rẹ́. Ọmọ náà ń wò ó. Òdìkejì rẹ̀ náà kò sì pamọ́ fún un, nítorí pé baba kan náà yìí a máa fi òwú tí kò tíì hù ta tẹ́tẹ́: ó wọlé ní ọjọ́ kan pé ìdílé àwọn ti là, pé ìṣẹ́ kò ní kan ilẹ̀kùn àwọn mọ́ láéláé, kò sì pẹ́ rárá tí ó tún wọlé láti sọ pé gbogbo rẹ̀ ti lọ ráúráú. Ojú tí ó ti rí oko tí a rà lọ́pọ̀ tí ó sì dúró, tí ó tún rí ọrọ̀ ojijì tí ó fò lọ, ti kẹ́kọ̀ọ́ tí a kò lè fi owó rà.

Nígbà tí ọ̀dá owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1929 bo Amẹ́ríkà mọ́lẹ̀, Templeton wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yale, baba rẹ̀ sì ránṣẹ́ sí i pé òun kò lè fi kọ́bọ̀ kún owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́. Ó fi ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tí ó ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì àti owó tí ó ń jẹ nínú ayò káàdì gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, ó sì jáde ní 1934 láàrin àwọn tí ó mókè jù lọ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Rhodes gbé e kọjá òkun lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Balliol ní Oxford láti kọ́ ìmọ̀ òfin, nígbà tí ó sì parí ní 1936 ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó rin ìrìn-àjò yí ayé ká: ó rí ilẹ̀ Yúróòpù lọ títí dé Íjíbítì, ó dé Íńdíà, ó dé Ṣáínà, ó dé Japan. Ó ti ṣàkíyèsí ní Yale pé àwọn ọmọ olówó tí ó yí òun ká, Amẹ́ríkà nìkan ni ìdílé wọn ń kó owó lé, bí ẹni pé kò sí ilé-iṣẹ́ rere kan níbòmíràn. Ẹni tí kò bá tíì dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Templeton dé oko baba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìrìn yìí ni ó sì so èso fún un ní ogún ọdún lẹ́yìn náà.

Ọdún 1939 ni orúkọ rẹ̀ wọ ìtàn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, àwọn ọmọ ogun Jámánì ya wọ Poland, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù. Ọ̀dá owó kò tíì tú Amẹ́ríkà sílẹ̀ tán nígbà náà. Àwọn ènìyàn rántí bí ọjà ṣe wó lẹ́yìn 1929, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé ogun yóò tún gbá èyí tí ó kù lọ. Templeton kò tíì pé ọmọ ọdún 27. Ó ké sí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ní ilé-iṣẹ́ alágbàtà Fenner & Beane, ó yá 10,000 dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n bá òun ra ìpín bí 100 dọ́là nínú gbogbo ilé-iṣẹ́ tí ìpín kan rẹ̀ kò tó dọ́là kan ní ọjà méjèèjì tí ó wà ní New York. Nígbà tí wọ́n dá a lóhùn pé àwọn ti rà á, àfi ti àwọn tí ó ti wọ gbèsè dé ilé ẹjọ́, ó ní rárá o, gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n rà. Ilé-iṣẹ́ 104 ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́, àwọn tí ó ti wọ gbèsè nínú wọn sì lé ní 30.

Kí ni ó rí tí àwọn yòókù kò rí? Ó ti wo ìtàn àwọn ogun ìṣáájú, ó sì ti mọ̀ pé ìgbà ogun a máa sọ ohun tí kò ní olùrà di ohun tí a ń wá kiri: irin, èédú, ọkọ̀ ojú irin, aṣọ, oúnjẹ. Ó gbà pé Amẹ́ríkà kò ní ṣàì fara gbá nínú ogun náà, pé àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ti ń kú lọ ni ìtura náà yóò sì gbé sókè jù, nítorí pé àwọn tí ara wọn ti le tẹ́lẹ̀ kò ní ibi gíga kan láti lọ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òun náà kò mọ̀ ọ́n, kò sì díbọ́n pé òun mọ̀ ọ́n, nítorí náà ni ó ṣe ra gbogbo wọn pọ̀, kí èyí tí yóò yè lè san ti èyí tí yóò kú. Mẹ́rin péré nínú àwọn 104 náà ni owó rẹ̀ ṣègbé pátápátá. Ó di àwọn yòókù mú fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin ní ìpíndọ́gba, ó san gbèsè tí ó jẹ, 10,000 dọ́là náà sì ti di nǹkan bí 40,000.

Ìtàn yìí dùn-ún sọ, àwọn tí ń sọ ọ́ sì sábà máa ń dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọkùnrin tí ó yá owó yìí ti ń tọ́jú ìdajì gbogbo owó tí ó bá wọlé fún un: nínú dọ́là kan, 50 sẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ kúrò nínú àpò. Òun àti Judith Folk, ìyàwó tí ó gbé ní 1937, ni wọ́n jọ fẹnu kò lórí ìlànà yìí. 25 dọ́là ni wọ́n fi ra ohun èlò inú ilé wọn ní New York, àlòkù sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ń gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ lè dúró fún ọdún mẹ́rin láìsí pé ebi tàbí ẹni tí ó yá a lówó lé e kúrò nínú ìpín rẹ̀. Ẹni tí owó oúnjẹ ọ̀la rẹ̀ wà nínú ọjà kò lè tako ọjà, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ ríran tó.

Àbùkù kan sì wà nínú iṣẹ́ 1939 náà tí òun fúnra rẹ̀ kò fi pamọ́. Ó ra ìpín ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Missouri Pacific ní ìdá kan nínú mẹ́jọ dọ́là kan, ó sì tà á nígbà tí ó di dọ́là 5, inú rẹ̀ sì dùn. Ìpín kan náà yìí gòkè títí ó fi di 105 dọ́là. Láti inú irú ìrírí báyìí ni ó ti ṣe òfin kan fún ara rẹ̀ pé òun kò ní ta ohunkóhun nítorí pé ó kàn ti gòkè, bí kò ṣe pé òun ti rí ohun mìíràn tí ó pọ̀ jù ú lọ dáadáa, tí èrè rẹ̀ sì fi ìdajì ju ti èyí tí ó wà lọ́wọ́ lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ìṣirò ni ó ń sọ fún un pé kí ó tà, kì í ṣe ayọ̀ tàbí ìpayà.

Ní 1940 ó ra ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ràn kékeré kan, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń bá àwọn ènìyàn mójú tó owó wọn. Ọ̀nà náà kò tẹ́jú fún un. Ní 1951, Judith kú nínú ìjàǹbá alùpùpù ní erékùṣù Bermuda, ó sì fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Ọdún méje kọjá kí ó tó fẹ́ Irene Butler ní 1958. Ní agbedeméjì ìgbà yìí, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1954, ni ó dá Templeton Growth Fund sílẹ̀ ní Kánádà, owó àjùmọ̀dá tí ẹnikẹ́ni lè bá wọn fi tirẹ̀ sí, tí wọn yóò sì fi ra ìpín kárí ayé. Oṣù yẹn gan-an ni ọjà New York ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ibi tí ó wà kí ó tó wó ní 1929, lẹ́yìn ọdún 25 gbáko. Ẹni tí ó bá fi 10,000 dọ́là sínú àpò yìí ní 1954, tí kò fọwọ́ kàn án, tí ó sì ń dá èrè rẹ̀ padà sí i, yóò bá nǹkan bí mílíọ̀nù méjì dọ́là níbẹ̀ ní 1992.

Japan ni ó kọ́kọ́ fi hàn pé àpò yìí yàtọ̀. Ní àwọn ọdún 1950, ohun tí ń ti Japan jáde kò níyì lójú àwọn ará Amẹ́ríkà; ìlú tí ogun fọ́ ni wọ́n ń wò, wọn a sì máa fi ọjà rẹ̀ ṣẹlẹ́yà. Templeton, tí ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà nínú ìrìn-àjò rẹ̀, rí àwọn ènìyàn tí ń tọ́jú owó, tí ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú, tí ilé-iṣẹ́ wọn sì ń dàgbà kánkán, síbẹ̀ tí ìpín wọn kò ju ìlọ́po mẹ́rin èrè ọdún kan lọ, nígbà tí ti Amẹ́ríkà jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún iye yẹn. Ó kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ dán an wò nígbà tí òfin ilẹ̀ náà kò tíì jẹ́ kí àlejò kó owó rẹ̀ jáde. Ìgbà tí wọ́n tú òfin náà ní àwọn ọdún 1960 ni ó tó kó owó àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ síbẹ̀, títí ó fi jẹ́ pé ohun tí ó ju ìdajì owó àpò náà lọ ni ó wà ní Japan. Nígbà tí gbogbo ayé wá ń pariwo Japan ní àwọn ọdún 1980, ó ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ òwò tí ó kẹ́yìn ní ọdún 1989, ọjà Tokyo dé òkè téńté, ó sì yí bìrí. Ọdún tí ó lé ní 30 ni ó gbà á kí ó tó padà dé ibẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1960 kan náà ni ó kó kúrò ní New York lọ máa gbé ní Nassau. Àwọn kan rò pé ẹni tí ó bá jìnnà sí ojú ọjà kò lè mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Òun rí i pé ìwé ìròyìn tí ó ń pẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ òun ṣe òun ní àǹfààní, nítorí pé kò jẹ́ kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lójú kan náà kí àwọn sì máa ro èrò kan náà. Etí tí kò gbọ́ ariwo ni ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀ láti ṣe ìṣirò. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i pé iṣẹ́ òun dára sí i lẹ́yìn tí òun kúrò láàrin ọ̀pọ̀.

Iṣẹ́ ìkẹyìn tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu wáyé nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 87. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun tí iṣẹ́ wọn dá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń ta ìpín ní iye tí ó ju ìrònú lọ, púpọ̀ nínú wọn kò sì tíì jẹ èrè kankan rí. Templeton mọ̀ pé àwọn ọ̀gá inú ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, lábẹ́ àdéhùn, kò lè ta ìpín tiwọn títí oṣù mélòó kan yóò fi kọjá lẹ́yìn tí ìpín náà kọ́kọ́ dé ọjà, ó sì rò ó pé ní ọjọ́ tí ilẹ̀kùn náà bá ṣí, wọn yóò sáré tà. Ó ṣa ilé-iṣẹ́ 84 tí owó ìpín wọn ti di ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó yá ìpín wọn lọ́wọ́ àwọn tí ó ní in, ó tà á ní ọ̀wọ́n ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú kí ilẹ̀kùn náà tó ṣí, ó sì ń dúró kí ó di ọ̀pọ̀ kí òun tó rà á padà láti dá a fún olówó rẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ dọ́là ni ó fi sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹta ọdún náà ni ọjà Nasdaq, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí wà, dé òkè tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Kí ọdún 2002 tó parí, ó ti pàdánù nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún. Èrè Templeton tó nǹkan bí mílíọ̀nù 90 dọ́là. Kí òǹkàwé kíyè sí i pé kò tà títí ó fi mọ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yóò ṣí. Ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n tí ó rí i ní 1998 pé ọjà náà ti gòkè jù ni ó jẹ gbèsè kí ọjọ́ ẹ̀san tó pé.

Templeton kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ ní ọ̀nà yìí. Hetty Green, obìnrin tí ó gbé ayé láti 1834 sí 1916, a máa ra ohun tí kò ní olùfẹ́ a sì máa tọ́jú owó sílẹ̀ de ọjọ́ ìpayà, débi pé nígbà tí ìpayà 1907 dé, ìjọba ìlú New York fúnra rẹ̀ ni ó tọ̀ ọ́ wá yá mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ dọ́là. John Maynard Keynes, ọ̀mọ̀wé ètò ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń bójú tó owó kọ́lẹ́ẹ̀jì King's ní Cambridge láti 1924 títí ó fi kú ní 1946, kọ́kọ́ rò pé òun lè máa sọ tẹ́lẹ̀ ibi tí ọjà ń lọ. 1929 fi àbùkù kàn án, ó sì yí padà sí ríra ìpín ilé-iṣẹ́ díẹ̀ tí ó mọ̀ dáadáa kí ó sì dì í mú, èyí tí ó padà mú kọ́lẹ́ẹ̀jì náà là. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdílé wọn kò jọra, ìgbà wọn kò sì papọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan so wọ́n pọ̀: olúkúlùkù wọn ni ó ní agbára láti dúró ju àwọn tí wọ́n jọ wà lọ́jà lọ.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí òṣùwọ̀n. Ní 1985, Werner De Bondt àti Richard Thaler tẹ ìwádìí kan jáde nípa ọjà New York tí ó fi hàn pé bí a bá kó àwọn ìpín tí ó ti ṣubú jù lọ fún ọdún mẹ́ta jọ, tí a sì kó àwọn tí ó ti gòkè jù lọ jọ sí ọ̀tọ̀, àwọn tí ó ṣubú yóò fi nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún borí àwọn tí ó gòkè láàrin ọdún mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e. Inú àwọn tí ń tako ọjà dùn sí èyí. Ṣùgbọ́n ní 1993, Narasimhan Jegadeesh àti Sheridan Titman fi hàn pé bí a bá wo oṣù mẹ́ta sí méjìlá, àwọn tí ń gòkè ni ó sábà máa ń gòkè sí i, àwọn tí ń ṣubú ni ó sì ń ṣubú lọ. Ìwádìí méjèèjì kò ta ko ara wọn: ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa tọ̀nà fún ìgbà kúkúrú, wọn a sì máa ṣìnà bí ọjọ́ bá gùn. Ìdí nìyí tí àtakò láìsí sùúrù fi jẹ́ ọ̀nà tí ó yá jù lọ láti tòṣì.

Bí ẹnì kan bá ń ṣe iyèméjì, kí ó bi àwọn tí ó gbọ́n lẹ́yìn ìwólulẹ̀ 1929. Ọjà New York, tí òṣùwọ̀n Dow rẹ̀ ti wà ní 381 ní oṣù Kẹsàn-án, ti já sí 198 kí oṣù Kọkànlá tó parí. Ọ̀pọ̀ akíkanjú ènìyàn ni ó wọlé nígbà náà pé àkókò ìpayà ni àkókò ríra. Ó sì gòkè díẹ̀ fún wọn lóòótọ́, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálẹ̀ títí ó fi di 41 ní oṣù Keje ọdún 1932. Àwọn náà tako ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn náà ní ìgboyà. A kò kọ ìwé nípa wọn. Ibí yìí ni kí ẹni tí ń ka ìtàn Templeton ti ṣọ́ra jù lọ, nítorí pé nínú àwọn tí ó dá ọ̀nà tiwọn rìn, àwọn tí ó dé ibi tí wọ́n ń lọ nìkan ni ó padà wá ròyìn. Púpọ̀ nínú ohun tí a sì mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnu òun fúnra rẹ̀ àti ti àwọn ìbátan àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ti jáde. Ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ọ́n. Èyí kò sọ ìtàn náà di irọ́, nítorí pé àkọsílẹ̀ àpò 1954 wà ní gbangba fún ọdún 38, kò sì sí ẹni tí oríire lásán ń gbè fún ọdún 38. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó dín ìkánjú wa kù láti máa fara wé e.

Ẹ̀sùn kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fi sábẹ́ ẹní. Nígbà tí Templeton lọ máa gbé ní Nassau, ó kọ ipò ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà sílẹ̀, ó sì di ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó wá ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ìdókòwò Franklin ní 1992, ní iye tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 900 dọ́là, owó orí tí kò san fún ìlú tí ó bí i pọ̀ gan-an, wọ́n sì ń fojú bù ú sí nǹkan bí mílíọ̀nù 100 dọ́là. Àwọn alágbàwí rẹ̀ sọ pé kò rú òfin, pé ọrẹ àánú ni ó sì fi owó náà ṣe. Òótọ́ ni pé kò rú òfin. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó kọ́ ènìyàn ní ìwé, tí ilé ẹjọ́ rẹ̀ dáàbò bo ohun ìní rẹ̀, tí ọjà rẹ̀ sì sọ ọ́ di olówó, ní ẹ̀tọ́ tí ọrẹ àánú kò lè rọ́pò, nítorí pé olówó ni í yan ẹni tí yóò ta lọ́rẹ, gbogbo ìlú ni ó sì ń pinnu ibi tí owó orí yóò lọ. Níbi yìí, èmi kò lè gbè é lẹ́yìn.

Ní ti ọrẹ náà, ó pọ̀, kò sì yẹ kí a fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ẹlẹ́sìn Kristi ni í ṣe, alàgbà nínú ìjọ Presbyterian, àdúrà ni ó sì fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1972 ó dá Ẹ̀bùn Templeton sílẹ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ wọn bá mú kí ìmọ̀ aráyé nípa ohun ẹ̀mí gbòòrò sí i, ó sì pàṣẹ pé owó rẹ̀ gbọdọ̀ máa ju ti Ẹ̀bùn Nobel lọ. Ìyá Teresa ti Calcutta ni ó kọ́kọ́ gbà á ní 1973, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu ti Gúúsù Áfíríkà sì gbà á ní 2013. Ó fún Oxford ní owó tí wọ́n fi sọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣàkóso okòwò kan ní orúkọ àwọn òbí rẹ̀, Ọbabìnrin Elizabeth sì fi í joyè ní 1987, ọdún kan náà tí ó dá àjọ onínúure tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Richard Dawkins nínú wọn, ti bá àjọ náà wí pé ó ń fi owó fa ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ́dọ̀ ẹ̀sìn. Lójú tèmi, ìwà kan náà tí ó mú un ra ìpín tí ayé kọ̀ ni ó mú un ná owó sórí ìbéèrè tí àwọn ọlọ́gbọ́n ìgbà rẹ̀ ti pa tì: ó gbàgbọ́ pé ohun tí a kò mọ̀ ju ohun tí a mọ̀ lọ fíìfíì, ó sì ń pe ìgbàgbọ́ yìí ní ìrẹ̀lẹ̀.

Ìrẹ̀lẹ̀ yìí ni ó sì dáhùn ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ra ilé-iṣẹ́ 104 dípò ọ̀kan ti jẹ́wọ́ pé òun lè ṣìnà. Ẹni tí ó tọ́jú ìdajì owó rẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé ọ̀la lè burú. Ẹni tí ó fi ìṣirò ṣe adájọ́ ti jẹ́wọ́ pé ayọ̀ àti ẹ̀rù lè tan òun jẹ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń tan gbogbo ènìyàn. Agbéraga ni í rò pé òun ń tako ọ̀pọ̀ nítorí pé òun gbọ́n jù wọ́n lọ, irú wọn ni ọjà sì ń jẹ ní àjẹtúnjẹ. Templeton tako ọ̀pọ̀ nítorí pé ó ti kọ́kọ́ tako ìwàǹwára ara rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi owó yín ra ìpín lónìí, àti ẹ̀yin tí ẹ ti rà tí ọkàn yín ń mì, ẹ má ṣe mú kìkì ìgboyà ọkùnrin yìí kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú owó tí ebi kò ní lé yín yọ. Ẹ ka ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ kí ẹ tó bèèrè iye ìpín rẹ̀. Ẹ má ṣe yá owó láti fi tẹ́ ìrètí lọ́rùn. Ẹ pín ohun tí ẹ ní sí ọ̀nà púpọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ ní sùúrù, nítorí àgbà tí ó ní sùúrù, ohun gbogbo ni ó ní. Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ọjọ́ sì dé tí gbogbo ènìyàn ń sá fún ohun tí ẹ mọ̀ dájú pé ó ní láárí, ẹ dúró, kí ẹ sì rà á.